Iṣẹ́ Panápaná Inú Igbó: Ohun Tí Wọ́n Ń Kọ́ Kí Wọ́n Tó Dojú Kọ Iná

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, tíṣà wa ní kí kálukú dìde kó sọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú. Dókítà pọ̀, lọ́yà pọ̀, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ní bọ́ọ̀lù làwọn fẹ́ gbá nílẹ̀ òyìnbó. Nígbà tó kàn mí, mo ní mo fẹ́ máa pa iná igbó. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ṣé mọ́tò panápaná máa wọ inú igbó ni?" Mo jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ má rò pé mò ń bínú o. Ìbéèrè yẹn dára, òun gan-an ni mo fẹ́ dáhùn lórí ògiri yìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, mọ́tò ò lè dé ibi tí iná wà, omi náà ò sì tó. Síbẹ̀ wọ́n ń pa á. Báwo ni?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá àgbà mi, bàbá tó bí màmá mi, ní oko kajú lẹ́bàá Ṣakí, ní Òkè Ògùn. Ní oṣù kìíní ọdún yìí, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, ẹnì kan tó ń dẹ òyà fi iná sí pápá ní òdìkejì odò. Iléèwé ò tíì wọlé, mo wà lóko lọ́jọ́ náà. Màjàlà la kọ́kọ́ rí tó ń fò wá. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ìró iná náà, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣẹ́ igi gbígbẹ láìdúró. A gé ewé tútù, a fi ń lu iná. Àwa ọmọdé ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì pọn omi láti odò, ṣùgbọ́n kí a tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan dé, ibi tí a fẹ́ da á sí ti jó kọjá. Àbúrò màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá, gba inú koríko gíga lọ sórí òkè kékeré kan kí wọ́n lè pàdé iná náà níwájú. Atẹ́gùn yí padà. Iná gun òkè tẹ̀ lé wọn. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ṣùgbọ́n iná jó wọn lẹ́sẹ̀ òsì, wọ́n sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù. Igi kajú 51 ló jóná. Bàbá àgbà kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ kan ìdí igi kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kà á. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí a rò pé ó ti tán, iná tún dìde láti inú kùkùté kan, ó jẹ mẹ́sàn-án mìíràn.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kà nípa àwọn tó fi iná igbó ṣe iṣẹ́. Ti Amẹ́ríkà ni mo kà jù, torí iná igbó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ti sọ pípa rẹ̀ di iṣẹ́ tó ní ẹ̀kọ́ àti ìdánwò. Bí mo ṣe ń kà á, ńṣe ni mò ń rí àṣìṣe wa lóko náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

GBÍGBA OÚNJẸ LẸ́NU INÁ

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wọn kò ju ohun tí wọ́n kọ́ wa ní JSS lọ. Nǹkan mẹ́ta ni iná ń fẹ́: ooru, ọ́síjìn, àti ohun tó máa jó. Yọ ọ̀kan nínú mẹ́ta, iná á kú. Omi máa ń mú ooru kúrò. Iyẹ̀pẹ̀ tí a bù lé e máa ń dí ọ́síjìn. Ṣùgbọ́n nínú igbó tó gùn tó kìlómítà mẹ́wàá, níbo lẹ fẹ́ ti rí omi náà? Nítorí náà oúnjẹ ni wọ́n ń gbà lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n á ṣán koríko, wọ́n á gé ẹ̀ka, wọ́n á kó ewé gbígbẹ kúrò, wọ́n á wá fi ọkọ́ ha ilẹ̀ títí wọ́n á fi kan erùpẹ̀ gidi tí kò ní gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà nínú. Bí wọ́n bá ṣe é tán, ó máa ń dà bí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó yí iná ká. Iná á dé etí ọ̀nà yẹn, kò ní rí nǹkan jẹ. Nígbà mìíràn, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ sun koríko tó wà láàárín ọ̀nà náà àti iná ńlá, kí iná ńlá tó dé bá ilẹ̀ tó ti jó. Bàálù tó ń da omi tàbí oògùn pupa láti òkè, èyí tí a ń rí nínú fíìmù, ńṣe ló ń dín agbára iná kù kí àwọn tó wà nílẹ̀ lè ráyè ṣiṣẹ́. Ọkọ́ ló ń parí ẹ̀.

Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá àgbà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ni kò mọ̀ pé èèyàn máa ń ṣán etí oko yíká kí ọyẹ́ tó dé? Ọdún yẹn nìkan ni wọn ò ṣe é, torí kò sí ọmọ tó máa bá wọn ṣe é. Gbogbo wa ti wọ ìlú.

Irinṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà ni Pulaski. Àáké ni apá kan rẹ̀, ọkọ́ ni apá kejì, lórí èèkù kan ṣoṣo. Orúkọ èèyàn ni. Edward Pulaski jẹ́ olùṣọ́ igbó ìjọba ní ìpínlẹ̀ Idaho. Ní ọjọ́ 20 àti 21 oṣù kẹjọ ọdún 1910, ìjì líle fẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ iná kéékèèké pọ̀ di iná ńlá ní Idaho àti Montana. Ilẹ̀ tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta éékà jóná, èèyàn tó lé ní 80 kú. Pulaski kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, bíi 45, sá wọ inú ihò kan tí wọ́n ti ń wa kùsà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí èéfín ń pa wọ́n tí wọ́n fẹ́ sá jáde, ó yọ ìbọn, ó ní ẹni tó bá jáde òun á yìn ín. Àwọn kan kú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn jáde láàyè. Lẹ́yìn náà ló ṣe irinṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

KÍ A MỌ IBI TÍ INÁ Ń LỌ

Ẹ̀kọ́ kejì ló le jù, òun náà ló sì dùn jù. Nǹkan mẹ́ta ló ń darí iná: ohun tó ń jẹ, ojú ọjọ́, àti bí ilẹ̀ ṣe rí. Koríko gbígbẹ á gbaná kíákíá, á sì tètè jó tán. Igi ńlá á pẹ́ kó tó gbaná, ṣùgbọ́n tó bá gbà á, ó di ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ti ilẹ̀ ńkọ́? Iná máa ń sáré gun òkè ju bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ẹ lè fi ìṣáná wò ó níwájú tíṣà sáyẹ́ǹsì (ẹ má ṣe é nílé o). Bí ẹ bá ṣá a tí ẹ gbé orí rẹ̀ sókè, á máa jó díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, iná á sáré wá bá ìka yín. Ìdí ni pé ooru ń lọ sókè, ó sì ń gbẹ ohun tó wà lókè kí iná tó dé ibẹ̀ rárá. Ìyẹn ni pé orí òkè tí Bọ̀dá gùn lọ́jọ́ yẹn ni ibi tó burú jù tí èèyàn lè dúró sí, pàápàá tí koríko gíga ṣì wà láàárín òun àti iná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Jọ́gíráfì, ẹ rántí tẹ̀mómítà méjì inú àpótí funfun tí wọ́n kọ́ wa, tí wọ́n fi òwú tútù wé ìdí ọ̀kan. Èyí tí wọ́n wé yẹn máa ń tutù ju èkejì lọ. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ṣe gbẹ tó. Èmi rò pé fún WAEC nìkan ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀! Àwọn panápaná igbó ń gbé irú rẹ̀ kékeré nínú báàgì, wọ́n ń fì í nínú afẹ́fẹ́, wọ́n ń ka nọ́ńbà rẹ̀ léraléra láàárín ọjọ́, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń la ètè wa nígbà ọyẹ́ ló ń fa omi kúrò lára koríko. Tí nọ́ńbà bá fi hàn pé afẹ́fẹ́ ń gbẹ sí i, tí atẹ́gùn sì ń le sí i, wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀sán yẹn kò ní dára.

ÌDÁNWÒ KẸ́Ẹ̀GÌ OMI

Ẹni tó bá fẹ́ wọṣẹ́ yìí lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 18, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà. (Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń mira sọ́wọ́ ọ̀tún nídìí èyí. Ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.) Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan: ìwà iná, lílo irinṣẹ́, ẹni tó ń pàṣẹ fún ẹni. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ara. Ẹni tí kò bá yege kò ní gba káàdì tó fún un láyè láti lọ síbi iná, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un ṣe.

Ìdánwò náà rèé: èèyàn á gbé ẹrù 45 pọ́n-ùn, á rin máìlì mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú 45. Kò gbọdọ̀ sáré, rírìn ni. Ọkùnrin àti obìnrin, ìdánwò kan náà ni. 45 pọ́n-ùn jẹ́ nǹkan bíi kìlò 20, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì omi oní-lítà 20 tí a ń pọn láti ẹ̀rọ. Máìlì mẹ́ta lé díẹ̀ ní kìlómítà 4.8.

Mo ní kí n dán an wò. Tíṣà eré ìdárayá kọ̀, wọ́n ní egungun mi ò tíì gbó tó, wọ́n ní lítà 10 ni kí n gbé. Mo di kẹ́ẹ̀gì náà sínú báàgì ìwé mi. Ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ oníròyìn wa gbé fóònù dání, ó ń ka àkókò, ó sì ń wọn ọ̀nà. Ìlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti géètì iléèwé dé ilé epo jẹ́ kìlómítà 4.8. Nígbà àkọ́kọ́, mo lo ìṣẹ́jú 54. Okùn báàgì gé mi léjìká, ọlọ́kadà kan sì bi mí bóyá wọ́n lé mi nílé ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo dé ìṣẹ́jú 47. Pẹ̀lú ìdajì ẹrù nìyẹn o. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó wá gbé e wò.

Ìdánwò yẹn ò tiẹ̀ le tó iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 16 lọ́jọ́ kan, fún ọjọ́ 14 léraléra, kí wọ́n sì máa sùn nílẹ̀ nínú àgọ́. Aṣọ wọn kì í tètè gbaná, bàtà wọn jẹ́ awọ tó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Wọn kì í gbé àgbá atẹ́gùn sẹ́yìn bíi ti panápaná ìgboro, torí náà èéfín náà wà lára ohun tí wọ́n ń fara dà. Ẹgbẹ́ bíi ogún èèyàn ló sábà ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Hotshot ni wọ́n ń pe àwọn ẹgbẹ́ tó mọṣẹ́ jù. Smokejumper ni àwọn tó ń fi páráṣúùtì bẹ́ sílẹ̀ láti inú bàálù.

Nígbà tí iná bá ti rọlẹ̀, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ṣe ló kù. Wọ́n á bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ eérú àti kùkùté lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa wá ibi tó ṣì gbóná. Èyí tí wọ́n bá rí, wọ́n á tú u, wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ tàbí omi díẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á tún fọwọ́ wò ó. Igi mẹ́sàn-án tó jó lọ́jọ́ kejì lóko wa, àìṣe èyí ló pa wọ́n. Alẹ́ ọjọ́ tí iná kọ́kọ́ jó, gbogbo wa wà ní ọsibítù lọ́dọ̀ Bọ̀dá, kò sí ẹni tó rántí kùkùté.

NǸKAN MẸ́RIN KÍ A TÓ SÚN MỌ́ INÁ

Ní ọdún 1991, ọ̀gá hotshot kan tó ń jẹ́ Paul Gleason kó òfin ààbò iṣẹ́ náà jọ sí nǹkan mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni lè rántí. Èkíní ni olùṣọ́: ẹnì kan tí kò ní ṣiṣẹ́, tó máa dúró síbi tó ti ń rí iná àti àwọn èèyàn rẹ̀. Èkejì ni ọ̀nà tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀, rédíò tàbí fèrè tàbí ariwo tí gbogbo wa mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà tí a máa gbà sá, ó kéré tán méjì. Ẹ̀kẹrin ni ibi tí a máa sá dé, tí iná ò ti lè pa wá. Tí ọ̀kan ò bá sí, wọn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwa ò ní ọ̀kan kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ tiwa.

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ òfin wọ̀nyí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1949, smokejumper 15 bẹ́ sílẹ̀ sí àfonífojì Mann Gulch ní Montana, olùṣọ́ igbó kan sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n rò pé iná kékeré ni. Atẹ́gùn gbé e kọjá sí ọ̀dọ̀ wọn, ó ń gun òkè nínú koríko gbígbẹ, ó sì yára ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ. Nígbà tí olórí wọn, Wagner Dodge, rí i pé àwọn ò ní lè sá mọ́, ó dúró, ó ṣáná, ó fi sí koríko iwájú ara rẹ̀. Ó wọ inú eérú ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó yẹn, ó ń pe àwọn yòókù pé kí wọ́n wá. Kò sí ẹni tó wá. Bóyá wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti yí. Ó dojú bolẹ̀, iná ńlá náà yà fún un, kò rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Àwọn méjì ráyè gun orí òkè kọjá. Àwọn 13 yòókù kú.

Èyí ni mo kà tí mi ò lè sùn. Ibi tó ti jó lẹ́yìn Bọ̀dá, a rò pé ibi ikú ni. Bó ṣe jẹ́ pé eérú rẹ̀ bá ti tutù díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n sá sí. Wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí pé kí ẹsẹ̀ wọn kan máa wà ní ilẹ̀ tó ti jó bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ létí iná.

Mi ò fẹ́ tan yín o, ẹ̀kọ́ kì í sọ èèyàn di irin. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2013, hotshot 19 láti inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kú ní Yarnell Hill, ní Arizona, nígbà tí atẹ́gùn yí padà. Àwọn tó mọṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní àgọ́ kékeré tó ń dán bíi fadákà tí wọ́n ń bò mọ́ra nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn mọ́, ṣùgbọ́n agbára iná ọjọ́ yẹn ju tirẹ̀ lọ.

TA NI IṢẸ́ YÌÍ WÀ FÚN?

Màmá mi ní iṣẹ́ òyìnbó ni. Mo sọ fún wọn pé ní ọdún 1945, àwọn sójà aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan, tí wọ́n ń pè ní Triple Nickles, wà lára àwọn tó bẹ́ láti inú bàálù sínú iná igbó ní apá Oregon. Wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ogun, ṣùgbọ́n wọn ò rán wọn lọ ojú ogun. Igbó ni wọ́n rán wọn lọ. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, South Africa ní ètò kan tó ń jẹ́ Working on Fire láti ọdún 2003. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbà, wọ́n ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń sanwó fún wọn. Ní ọdún 2016, nǹkan bíi 300 nínú wọn wọ bàálù lọ sí Kánádà lọ bá wọn pa iná. Nígbà tí wọ́n dé pápákọ̀ òfúrufú Edmonton, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Mo fi fídíò rẹ̀ han màmá mi. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibí lè ka ẹ̀kọ́ nípa igbó ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Federal College of Forestry náà wà ní Ìbàdàn. Bàọ́lọ́jì àti Kẹ́mísírì ṣe pàtàkì, torí náà ẹ jẹ́ ká dẹ́kun sísá ní píríọ́dù Kẹ́mísírì (mò ń bá ara mi wí).

Ọ̀pọ̀ wa ló ń lọ sóko tàbí sílé bàbá àgbà fún Kérésì, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́ báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tí a gba ìsinmi àárín sáà, èmi, Bọ̀dá àti àwọn ọmọ àǹtí mi méjì lọ sí oko kajú náà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣán etí oko, a sì fi ọkọ́ ha ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí odò, ó fẹ̀ tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Ẹsẹ̀ Bọ̀dá ti san, ṣùgbọ́n wọn ò lè pẹ́ lórí ìdúró, ìjókòó ni wọ́n ti ń pọ́n àdá fún wa. Mo bi wọ́n pé tí iná bá tún dé, níbo la máa sá sí. Wọ́n tọ́ka sí oko iṣu tí wọ́n ti wà tán, tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ féfé. Mo tún bi wọ́n pé ta ló máa dúró sórí àpáta láti máa wo atẹ́gùn.

Wọ́n ní, "Ìwọ ni. Ṣé o lè pariwo dáadáa?"